Àròkọ Tí Mo Fi Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Ilé ìwé méjì ló gbà mí fún másítáàsì. Ti Ìtòsí – ọkọ̀ kan péré láti ilé: ẹ̀kọ́ nípa gbígba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, iṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn ẹ̀. Ti Òkèèrè – sáíkọ́lọ́jì tó ń wo ohun tí ẹ̀dá fi ń rí ìtumọ̀ nínú ayé rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn àdánù. Wọ́n ní àròkọ mi wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Kí n fèsì kó tó di Jímọ̀, 16.
Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ. Mo mọ ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Kí n kọ ọ́ síbí, torí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ti Òkèèrè ní ká kọ àròkọ nípa ẹnì kan tá a jókòó tì nígbà ìbànújẹ́. Mo kọ nípa Ọ̀gá Ìdákẹ́ – orúkọ tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Abdulmateen, nínú ìwé ìrántí mi yìí nìkan. Nusaybah ìyàwó ẹ̀ kú síbi ìbímọ lọ́dún tó kọjá, tòun tọmọ. Látìgbà náà, ìloro ló ń jókòó sí, tó ń fọ wàláà, pákó tí àwọn ọmọ kéú Bàbá fi ń kọ́ Kùránì. Mo kọ ọ́ pé ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì ni mò ń jókòó tì í. Pé a kì í sọ̀rọ̀. Pé lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ó sunkún.
Irọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé kí n má bàa pàdé ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Ọjọ́rú, 7
Ti Ìtòsí. Mo ti pinnu.

Ọjọ́bọ̀, 8
Ti Òkèèrè ni mo fẹ́. Kí ni mò ń tan ara mi jẹ fún?

Jímọ̀, 9
Mo sọ fún Bàbá pé Ti Òkèèrè gbà mí. Ó ní òun ò lè ṣe àdúà sí ohun tóun ò gbọ́ – kí n ka ohun tí mo kọ sí wọn, kí n sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó pe Ọ̀gá Ìdákẹ́ wọlé, kó wá ṣe àmín.
Mo fẹ́ fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ yẹn. Àmọ́ láìsí ibẹ̀, àròkọ náà ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo ka gbogbo ẹ̀, ojú mi wà nílẹ̀. Bàbá ṣe àdúà títí, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Ọ̀gá Ìdákẹ́ ṣe àmín, ó jáde.

Àbámẹ́ta, 10
Ó pè mí sí ìloro. Ó ní, "Zahrah, má bínú. Mi ò rántí ọjọ́ kankan tó o jókòó tì mí. Orí mi ò pé nígbà yẹn. O ṣeun."
Mo ní kò tọ́pẹ́. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Àìkú, 11
Ó ra fùrá wá fún mi láti ọjà Ìpàtà. Ó ní ṣé òun dárúkọ Nusaybah lọ́jọ́ tóun sunkún yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ mìíràn.

Ọjọ́rú, 14
Mo kọ̀wé sí Ti Òkèèrè: irọ́ ni mo kọ, ẹ gba àyè yín padà bó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Ara mi fúyẹ́. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 15
Lẹ́yìn Alásárì, mo lọ bá Bùọ̀dá Abdulmateen – mi ò ní pè é lórúkọ yẹn mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ òótọ́. Pé mi ò jókòó tì í rí. Pé kò sunkún níwájú mi rí. Pé orí ẹ̀ pé, kò gbàgbé nǹkan kan.
Ó ń fọ wàláà lọ, tàdáwà, yíǹkì wọn, ń ṣàn sí i lọ́wọ́. Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó gbé wàláà náà ti ògiri kó lè gbẹ.
Ó ní, "Á jẹ́ pé ẹnì kankan ò wá nígbà yẹn."