Òtútù Àyà Tó Ti Inú Omi Lọ́wọ́ọ́wọ́ Wá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ọkàn tí kò balẹ̀, ẹ kú orúnkún tí ẹ fi gúnlẹ̀ nítorí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Adó-Èkìtì dé ẹnu ọ̀nà yàrá yín ní Ṣakí. Mo kí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí lórí fóònù rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò náà gbọ́, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa àìsàn mi ti kọjá ọ̀rọ̀ inú ilé.

Màmá, ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn mọ́jú òní. Kí ló dé tí ohun tí wọ́n gbé mì kò fi kú, tó tún wá jókòó pa sínú ẹni tó gbé e mì, tó ń jẹun níbẹ̀, tó sì ń bímọ? Ẹ máa ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀, pé láti kékeré ni mo ti ń béèrè ohun tí kì í sọ ìkòkò ọbẹ̀ di kíkún. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, torí inú ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ọmọ mi wà.

Ara mi ti yá. Mo ti padà sí ìsọ̀ ìwé àlòkù mi lẹ́bàá Ọjà Ọba, mo sì gbé páálí ìwé kan láìsinmi. Alátùpà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ti mọ̀ pé n kò ní pẹ́ padà, pé wọn kì í ná ọjà lọ́run, kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín títí, ikọ́ kò sì yọ mí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n Màmá, n kò tíì gbé Àṣàkẹ́. Ọmọ tí a ti wò lójú ọ̀nà láti ọdún tó pẹ́, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà tó dé. Etí fóònù ni mo ti gbọ́ ìkómọ rẹ̀, tí ẹ fi ohùn yín sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́, tí gbogbo ilé ṣe àmín, tí èmi náà ṣe àmín pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ pe ìyá ìyàwó mi ní Ìgbẹ́mọ, níbi tó ti lọ bímọ, ẹ ní kí wọ́n dá ìyàwó yín àti ọmọ dúró lọ́dọ̀ wọn, kí n má ṣe sún mọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn sílẹ̀ láti wá wẹ ọmọ, ẹ tú ẹrù yín. Ìyá tó wà lẹ́yìn ọgbà yín ló ní òtútù àyà máa ń fò láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíì, pé ọmọ tuntun ló sì máa ń wá lọ.

Mo bẹ ìyá ìyàwó mi. Wọ́n ní àwọn kò ní ohunkóhun sí mi, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ló pàṣẹ, àwọn kò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé àwọn ló gbọ́ tí àwọn kò gbà. Èmi tí mo wà láàárín ìyá méjì, ojú fóònù ni mo ti ń rí ọmọ mi. Á yán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gbé e dúró pẹ̀lú ẹnu lílà, èmi náà á la ẹnu sílẹ̀, a ó jọ máa wo ara wa.

Nígbà tí ẹ gbọ́ pé àìsàn náà dé, ẹ ní òtútù Adó ni, pé àárín òkè ni ìlú wà, mo sì kọ̀ láti wọ súwẹ́tà. Ẹ ní ó dá yín lójú pé omi tútù ni mo fi ń wẹ̀. Màmá, n kò fi omi tútù wẹ̀ rí níbí. Ìmọ̀ràn yín ni mo tẹ̀ lé: lọ́wọ́ọ́wọ́ ni.

Bó ṣe rí rèé. Màmá onílé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, rí i pé oyún ìyàwó yín ti ń wúwo, wọ́n sì fún wa ní kọ́kọ́rọ́ balùwẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló kọ́ ọ, ó fi ẹ̀rọ amómigbóná àti ṣáwà sí i. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ulé àwọn, ulé wa ni. Mo fi ulé yẹn, tí wọ́n ń pe ilé, ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé àwa ará Òkè-Ògùn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Táńkì dúdú ló wà lórí òrùlé, oòrùn a máa pa á láti àárọ̀. Ẹ̀rọ náà ńkọ́, wọ́n ní ká yí i sí kékeré, kó má baà bó wa lára, kó má sì jẹ owó iná. Omi náà wá ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìkùukùu, kò gbóná, kò tutù. Mo máa ń kọrin lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó yín wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sá jáde, ó ní òun kò lè dúró kí nǹkan máa tọ̀ sí òun lórí. Ó padà sídìí korobá àti abọ́ rẹ̀. Mo pè é ní ará oko Ìgbẹ́mọ. Ẹ wo ẹni tó wá ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Kò pẹ́ tí ibà fi gbé mi, ikọ́ dé, ìgbẹ́ gbuuru bá a wá, ọ̀rọ̀ mi sì túká. Nọ́ọ̀sì ní mo ń bá òun ná ìwé, pé mo ní ibi tí mo lè já owó rẹ̀ wálẹ̀ dé nìyẹn, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa lọ. Oògùn àkọ́kọ́ kò ràn án. Ìgbà náà ni dókítà obìnrin kan dé, ọmọdé lójú, ó bi mí pé níbo ni mo ti ń wẹ̀. Inú bí mi. Mo rò pé òórùn mi ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní àìsàn ló ṣe mí o, kì í ṣe ọ̀bùn, àràárọ̀ ni mo ń wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di irin ibùsùn mú, ó ní Dádì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n sì rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Líjíónẹ́là lorúkọ rẹ̀. Màmá, bí inú mi ṣe ń dùn bí mo ṣe ń kọ orúkọ yìí, ẹ máa rò pé ibà náà kò tíì lọ! Ó fẹ́ pa mí o, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí gbogbo ìwé nọ́ọ̀sì àti ìwé bàọ́lọ́jì tó wà ní ìsọ̀ mi, n kò sì lè pa á dé.

Ohun ẹlẹ́mìí ni, ó gùn díẹ̀ bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Inú omi ni ilé rẹ̀: odò, adágún, ilẹ̀ tútù. Níbẹ̀, díẹ̀ ló máa ń jẹ́. Bí omi bá tutù, kì í lè bí sí i. Bí omi bá gbóná gan-an, ikú rẹ̀ nìyẹn. Lọ́wọ́ọ́wọ́ ló fẹ́, pàápàá omi tó dúró sójú kan nínú páìpù, níbi tí ohun yíyọ̀ bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò omi ti ń dàgbà. Ohun ẹlẹ́mìí míì wà nínú omi náà tí wọ́n ń pè ní amíbà, tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Kò ní ẹnu. Bó bá fẹ́ jẹun, á kàn fi ara rẹ̀ yí oúnjẹ ká, á gbé e mì, á fi í sínú àpò kan, á da oje lé e lórí, oúnjẹ á yòrò.

Amíbà gbé Líjíónẹ́là mì. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀! Láti inú àpò yẹn, Líjíónẹ́là á fi nǹkan ránṣẹ́ sínú ara amíbà, bí ẹni fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ní owó ẹ̀yìn, oje tó yẹ kó pa á kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á fi awọ inú ilé onílé bo àpò náà lára, kí ẹnikẹ́ni má fura sí i. Á máa jẹ oúnjẹ onílé, á pín sí méjì, á pín sí mẹ́rin, títí ilé á fi kún. Nígbà tí oúnjẹ bá tán, wọ́n á hu ìrù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á bẹ́ onílé, wọ́n á jáde lọ wá òmíràn. Ohun tí wọ́n pè ní oúnjẹ ló di ayálégbé, ayálégbé sì ni ó ba ilé jẹ́.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa, a ní àwọn ọlọ́dẹ kan tó ń gbé kòkòrò mì. Bí amíbà ṣe ń gbé nǹkan mì gẹ́lẹ́ ni àwọn náà ń ṣe. Nígbà tí mo fi orin fa ìkùukùu ṣáwà yẹn sínú àyà mi, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti kékeré, àwọn ọlọ́dẹ mi gbé Líjíónẹ́là mì. Kò mọ̀ pé ènìyàn ni mí. Ilé tó ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló rò pé òun wọ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn àkọ́kọ́ kò fi rí i mú: ìta ni oògùn náà ń rìn, olè sì wà nínú yàrá. Oògùn tó lè wọ yàrá ni dókítà wá fún mi.

Màmá, ibi tí mo ń lọ rèé. Kì í fò láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíì. Inú omi ló ti ń wá. Tó bá ti dé ara ènìyàn, ọ̀nà rẹ̀ ti dí. Mo bi dókítà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ikọ́ mi kò lè kó o ran ọmọ, ó sì bi mí ohun tó dé tí n kò tíì gbé ọmọ mi. Mo ní ìyá mi ni.

N kò bá yín jà. Ẹni tó sọ ọ́ ní òtútù àyà kò purọ́, gbígbọ̀n aláìsàn ló rí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ yín náà kò jẹ̀bi: èyí tí ẹ bá gbé kaná, tí ẹ fi omi tútù lú nínú abọ́, tí ẹ sì fi wẹ ọmọ lójú ẹsẹ̀, Líjíónẹ́là kò rí àyè jókòó níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá màmá onílé ní nǹkan míì lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n gbọ́, ẹkún ni wọ́n sun. Wọ́n ti ní kí wọ́n tú ṣáwà náà, wọ́n sì ti fọ táńkì.

Ẹ ní àdúrà ló gbà mí. Dókítà ní oògùn ni. Mo ṣe àmín sí ti yín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì mọ bí a ṣe ń pín ọpẹ́. Nígbà míì mo máa ń ronú pé ẹni tó kọ́ ohun kékeré yẹn bí wọ́n ṣe ń yè nínú ikùn ọ̀tá, ṣé òun náà ló gbọ́ àdúrà yín? Ẹ má bínú. Ìbéèrè ni, kì í ṣe àfojúdi.

Mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí Ìgbẹ́mọ láàárọ̀ yìí ni mo máa wọ̀. N kò ní kan ilẹ̀kùn ìyá ìyàwó mi, torí n kò fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀. Abẹ́ igi ọsàn tó wà níwájú ilé wọn ni mo máa jókòó sí. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti kàwé yìí tán, ẹ ní kó fún yín ní fóònù, kí ẹ pè wọ́n. Bí ẹ bá pè, wọn yóò gbé Àṣàkẹ́ jáde wá fún mi. Bí ẹ kò bá sì tíì lè pè, màá gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìta, màá fi ìyẹn ṣe tòní.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún ẹrù yín dì, kí ẹ máa bọ̀. Ọmọ náà kò tíì mọ ọwọ́ yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àti ìyá tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ẹ sọ fún wọn pé n kò bínú, ìfẹ́ ọmọ ló sọ̀rọ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ Àṣàkẹ́, kí ẹ sì tún wẹ àbúrò rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, Àkànní, tó ń pa làǹtánì báyìí, torí ilẹ̀ Adó ti mọ́.