Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Bàámi Ń Pe Orúkọ Olóògbé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Gíláàsì ti fún wa níṣẹ́. (Olùkọ́ wa nìyẹn. Orí iwájú ni gíláàsì rẹ̀ máa ń wà, mi ò rí i lójú rẹ̀ rí.) Ó ní ká jáde síta, ká bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n rò nípa àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń ronú, tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ká wá dúró níwájú kíláàsì, ká sọ ohun tí a gbọ́.

Ká dúró níwájú kíláàsì kẹ̀! Àwíyé tó máa ń jókòó tì mí ti nawọ́ kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi ń wo bàtà mi.

Ó ní kí kálukú mú ẹ̀rọ kan tí àwọn ará ìlú mọ̀. Tèmi kò jìnnà. Ọ̀kan wà tó ń fi ohùn bàbá mi ka ìròyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, karùn-ún

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á yé èmi náà.

Wọn kò tíì bí mi tí Bàámi ti ń ka ìròyìn lórí rédíò. Lọ́dún tó kọjá, àrùn mú un lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ní àfi kí àwọn gé ibi tí ohùn ń gbà jáde. Kó tó wọlé iṣẹ́ abẹ, ilé iṣẹ́ rédíò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kàwé sínú ẹ̀rọ, kí ohùn rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ó ń kà á lójoojúmọ́ títí ohùn náà fi há. Bàbá Wáyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀, ló jókòó tì í, tó ń gbà á sílẹ̀.

Bàámi yè é. Ohùn lọ. Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí. Tó bá fẹ́ pè wá, á fi ṣíbí kan tábìlì. Tó bá di aago méje àárọ̀, ohùn rẹ̀ á jáde látinú rédíò, á kí gbogbo ìlú. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó síwájú tíì tó ti tutù, á máa gbọ́ ara rẹ̀.

Ẹnìkejì ni mo ń pe ti inú rédíò. Mi ò tíì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, keje

Mo rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo padà, mo tún kọjá, kí n tó lè wọlé. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè. "Ẹ̀rọ tó ń ronú? Tó bá ti lè gẹrun kó má bá mi jiyàn òṣèlú, kí wọ́n gbé e wá." Aránṣọ tó múlé tì í ní èyí tí òun ń fẹsẹ̀ wà yìí kò jẹ́ kí òun sùn, ṣé ká tún wá fi ọgbọ́n kún un ni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Láti inú báńkì lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ ti ń lé èèyàn bọ̀, ọmọ mi. Ó ku ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn."

Mo wá bi wọ́n nípa rédíò. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Kì í wúkọ́. Kì í pẹ́ẹ́ dé. Kì í ṣi ọ̀rọ̀ kà.

Awakọ̀ tó gbé mi wálé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. "Bàbá yẹn, ṣé o gbọ́ ọ láàárọ̀? Wọ́n ní ó ṣàìsàn. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohùn rẹ̀ tún dán sí i ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo sanwó, mo sọ̀ kalẹ̀. Kí ló dé tí mi ò sọ fún un? Ahọ́n mi wúwo ju ẹsẹ̀ mi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kẹsàn-án

Ohun kan wà tí mo retí pé ẹnì kan á mẹ́nu bà. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Lẹ́yìn ìròyìn ni wọ́n máa ń kéde àwọn tó kú. Láyé ìgbà tí Bàámi wà níbẹ̀, á pe orúkọ olóògbé, á dákẹ́, á tún un pè. Mo bi í nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí ló dé. Ó ní, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹni tó ń gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹni tí etí rẹ̀ kò sí nílé. Ẹnì kan ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ọmọ ẹnì kan ń ké. Orúkọ èèyàn rẹ kọjá lórí rẹ, o ò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fura, o lè sáré wá sídìí rédíò kó tó tún un pè.

Ẹ̀ẹ̀kan ni Ẹnìkejì ń pè é. Kì í dákẹ́. Ìpolówó ọṣẹ ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Àìkú, kẹwàá

Òjò látàárọ̀. Bàámi sùn lọ lórí àga, ohùn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Mi ò mọ èwo ni kí n jí, èwo ni kí n pa lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́rú, kẹtàlá

Ọ̀gá rédíò wá sílé wa. Ọdún kan tí Bàámi fi yá wọn ní ohùn ń parí lọ. Wọ́n ń fẹ́ kó fún wọn pátápátá, nísinsìnyí àti lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀. Ó ní tí oṣù bá ń parí lọ, lọ́jọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn, òun á padà wá gbọ́ èsì.

Màámi ní, "Lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀ kẹ̀? Kí n di opó tán, kí ọkọ mi ṣì máa kí mi káàárọ̀?"

Ọ̀gá rédíò wolẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ṣíbí dún. Bàámi ti kọ ọ́ sórí síléètì: *Kí ni wọ́n ń sọ níta?* Ó mọ̀ nípa iṣẹ́ Gíláàsì. Ọkàn mi dàrú. Tí mo bá ní wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ ni. Tí mo bá ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ — kí ni mo sọ fún bàbá mi nígbà náà? Pé ó ti kúrò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí àárò rẹ̀ ń sọ.

Mo sọ òótọ́. Gbogbo rẹ̀, títí kan ti awakọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Èjìká rẹ̀ la fi ń mọ̀ tó bá ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ó nu síléètì, ó kọ: *Ó dára. Kó máa sọ ọ́ lọ.* Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké: *Àmọ́ kó máa pe olóògbé lẹ́ẹ̀mejì.*

Ọjọ́bọ̀, kẹrìnlá

Màámi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún ọ̀gá rédíò. Ó ní òun gbọ́, òun á wò ó. Ó ní ṣùgbọ́n owó ni àkókò lórí rédíò. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pe òkú òun lẹ́ẹ̀mejì, kó san án lẹ́ẹ̀mejì.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Wáyà yà sọ́dọ̀ wa. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kó tó wọlé, ó di àyà mú. Mo ní ṣé kò sí o, sà. "Wáyà ló ń gbó," ó dáhùn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ọ̀gá rédíò sọ, ó mi orí. Ó wo Bàámi. "Fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo so ọ́ mọ́ ẹ̀rọ, èmi náà ni màá kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìwà. Tí n bá ti wọṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, màá yọ́ ọ ṣe."

Inú rẹ̀ ń dùn. Àbúrò rẹ̀ tó ń tukọ̀ lódò lókè lọ́hùn-ún ń bọ̀ wá kí i láìpẹ́. Fóònù kì í mú níbẹ̀. Rédíò nìkan ló ń mú. Ó ní, "Ohùn ìwọ nìkan ló ń gbọ́ láti ìlú yìí." Bàámi kọ ọ́ sórí síléètì: *Kó mú ẹja wá.*

Ọjọ́ Ajé, kejìdínlógún

Bàbá Wáyà kú lánàá. Ó jókòó kó bọ́ bàtà, kò dìde mọ́.

Láago méje, Ẹnìkejì fi ohùn Bàámi pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Ọkọ̀ akódọ̀tí ń kọjá lójú títì, ìdajì orúkọ náà ni mo gbọ́. Ó di ọṣẹ ìfọṣọ. Bàámi na ọwọ́ bí ẹni tó ń dá ẹnì kan dúró. Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Kò sóhun tó jáde.

Ọ̀la ni wọn yóò sin ín. Ìyàwó rẹ̀ ní àbúrò ọkọ òun á ti gbọ́ ọ lórí rédíò, yóò ti máa bọ̀ lọ́nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọkàndínlógún

Wọ́n sin ín. Àbúrò kò dé. Àwọn kan ń kùn pé ìnáwó ló sá fún.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ó kàn mí ní kíláàsì. Mo dúró. Mo sọ ti onígbàjámọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ara sì rọ̀ mí díẹ̀. Mo ní ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń ka ìròyìn. Mo ní ohùn rẹ̀ dán.

Gíláàsì bi mí: "Ìwọ alára ńkọ́? Kí ni o rò?"

Mi ò sọ pé bàbá mi ni. Mo ní mi ò tíì mọ̀, sà. Mo jókòó.

Àwíyé ní mo gbìyànjú. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ṣubú nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kẹtàlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀sán ni. Màámi kò sí nílé. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan, apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ lórí rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ojú Bàbá Wáyà gan-an ló gbé wá. Mo ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní òun kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n òun títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. (Ìyàwó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀.) Òun wá ní, níbo ni ì bá wà bí kò bá sí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa jiyàn bọ́ọ̀lù. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí Bàámi, apẹ̀rẹ̀ ṣì wà lórí. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. À ń gbọ́ yín lódò. Ohùn yín ló ń jí wa. Níbo lẹ gbé èèyàn mi pamọ́ sí?"

Bàámi wò ó. Ó mú síléètì. Ó kọ nǹkan sí i, ó gbé e sókè. Ọkùnrin náà wo síléètì, ó wò mí, ojú tì í. "Èmi kò mọ̀wé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Mo bi í pé ṣé wọn kò gbọ́ rédíò lọ́jọ́ Ajé. Ó ní àwọn gbọ́ ọ. Òun ń ti ọkọ̀ sómi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé orí àwọn olóògbé. "Mo gbọ́ pé wọ́n pe ẹnì kan. Mo dúró nínú omi kí wọ́n tún un pè. Ọṣẹ ni mo gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín sí Bàámi. "Mo ní ó dà bíi pé ẹ̀gbọ́n ń kánjú lónìí."

Bàámi di ojú. Nígbà tó là á, èmi ló ń wò. Ó fi ṣíbí kan tábìlì, jẹ́ẹ́.

Mo dìde. Mo dúró bí mo ṣe dúró ní kíláàsì. Mo ní, "Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni a fi ń kéde ikú..." bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí rédíò, nítorí mi ò mọ ọ̀nà mìíràn. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kíkún.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ọkùnrin náà. "O ní kí ni?"

Bàámi gbé ìka méjì sókè.

Mo dákẹ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń dákẹ́. Mo tún un pè.

Ìgbà yẹn ló tó sọ apẹ̀rẹ̀ ẹja kalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, kẹrìnlélógún

Aago méje kọjá, a kò tan rédíò ilé wa. Ọ̀la ni ọ̀gá rédíò ń bọ̀. Bàámi ti gbé síléètì sórí tábìlì dè é, ó kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. *Rárá* ló kọ sí i.

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.