Ẹ̀rọ Bólúwatifẹ́ Kì í Jẹ́ Ìpè Àkọ́kọ́

Ìsúàdà,
lẹ́bàá Ọ̀wọ̀.

Olúwatómisìn, ọmọ mi,

Mo kí ọ títí. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ò ń ṣe ní Mìnnà yẹn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ooru ibẹ̀ mú ọ jù, kó má sì gba agbára tí o fi ń gbé aláìsàn dìde. Àwa náà wà. Ìyá rẹ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Èmi, o mọ̀ mí, igi ìrókò ni mí, atẹ́gùn kan ò lè dá mi wó, àmọ́ eléyìí mì mí.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Púráímárì Tíírì ni mo ti sá kúrò ní sùkúù, síbẹ̀ ta ló tó mi nínú àwọn tó ń la igi l'Ọ̀wọ̀? Orí ni mo fi ń ru pákó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, lónìí àwọn tó kàwé ló ń pè mí ní "Ṣíámánì". Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ, tèmi ò ní jáde. Dírẹ́bà tó ń kó pákó mi lọ sí Mìnnà ni mo fi rán.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Nígbà tí o padà lẹ́yìn ìsìnkú, a kó ẹrù Bólúwatifẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì póli tó ti ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà ẹbí pè mí jókòó, wọ́n ní, "Isaiah, òbí kì í jogún ọmọ. Ti àbúrò ẹ̀ ni." Mi ò jiyàn. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ojú oórì ẹ̀, bí àṣà ṣe wí, mi ò jiyàn ìyẹn náà. Torí náà, tìẹ ni kọ̀ǹpútà yẹn, èmi kàn ń bá ọ ṣọ́ ọ ni. Inú pálọ̀ ló wà. Ìyá rẹ fi aṣọ funfun bò ó.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi wá, Zulaihat, ọmọ Òkènè, tó ń jáde ní póli lọ́dún yìí. Ó ní inú ẹ̀rọ Bírọ̀dá Bólú ni pírójẹ́ẹ̀tì òun wà látòkè délẹ̀, òun ò ní òmíràn, àwọn tíṣà òun sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ sunkún ẹ̀gbọ́n ẹ kó tó sọ ọ́. Àmọ́ mo ti gbọ́ ohun tí àwọn tó kù ń sọ lẹ́nu géètì, pé Bólú gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ sọ́run. Tómisìn, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Wọ́n lè bú èmi, mo lẹ́nu tí mo fi máa dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè sọ tẹnu ẹ̀ mọ́ ńkọ́? Mo ní kí Zulaihat lọ fọkàn balẹ̀, pé kò sí ohun tí èmi Isaiah pè tí kì í jẹ́ mi.

Mo tẹ ẹ̀rọ náà. Fáànù ẹ̀ yí fìrì, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, fìrì, ó tún kú. Bàbá rẹ kékeré, Olúgbádé àbúrò mi, yọjú wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó rí súìṣì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Nọ́ńbà ńlá ni wọ́n fi í sí, iná Ìsúàdà ò sì tó. Ẹ jẹ́ ká fà á sí kékeré, kó lè rí iná jẹ yó." Ó bọ́gbọ́n mu létí mi. Ẹni tí oúnjẹ ẹ̀ ò tó, ṣebí abọ́ kékeré la fi ń bù ú fún un. Ó fà á. Iná ò tó lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ náà sì yí pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ti ń bọ ara wa lọ́wọ́. Ló bá di pé iná dé gidi, gbogbo gúlóòbù ilé mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ dún gbàmù, èéfín bo pálọ̀. Ìyá rẹ sáré wọlé láti kíṣìnnì, ó dúró, ó wò wá. Ó ní, "Ẹ ti wá pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Mo sọ̀rọ̀ sí Olúgbádé lọ́jọ́ náà débi pé kò dágbére kó tó lọ. Kò sì wá mọ́.

Mo lọ gbé Anwar wá láti Ọ̀wọ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́ Jọ́ńṣọ̀n. Ó tú ìdí ẹ̀. Ó ní àpótí irin tó ń gba iná fún un ló jóná, pé ibi tí iṣẹ́ àwọn èèyàn wà kò jóná. Ó fi àpótí tuntun sí i, ó dá súìṣì padà, ó gbọn eruku ọyẹ́ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́: fìrì, ó kú. Ó ní, "Bàbá, ohun tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n yọ ibi tí iṣẹ́ wà, kí n lọ fi sínú ẹ̀rọ mìíràn." Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ìwọ lo sọ fún mi pé kí wọ́n má tú nǹkan ẹ̀gbọ́n ẹ sí wẹ́wẹ́ kí o tó dé, tìẹ ló sì jẹ́. Mo ní kó padà wá lọ́la, pé bí kò bá tíì jẹ́, mo máa pè ọ́ kí o yọ̀ǹda, torí ọjọ́ Zulaihat ti sún mọ́lé.

Nígbà tí Anwar padà dé lọ́jọ́ kejì, Zulaihat ló tẹ̀ lé e wọlé. Wọ́n bá mi lórí ẹ̀rọ náà, mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kan ìṣó. Ọmọ náà kúnlẹ̀ tì mí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bírọ̀dá Bólú kì í tẹ̀ ẹ́ báyẹn." Ó ní tó bá dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa tẹ̀ ẹ́, á yí, á kú, kò sì ní wò ó mọ́. Á gbálẹ̀, á kí àwọn aládùúgbò, á bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá tún un tẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí oníbàárà bá ní kó ṣe kíá, á ní, "Àgbàlagbà ni o, kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́. Ṣé ìyá tìẹ máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan?" Anwar mirí, ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, pé nǹkan kan lórí pátákó inú ẹ̀ ti gbó, ó fẹ́ kí iná kọ́kọ́ wọ òun lára kó tó gbéra. Èmi ni mi ò jẹ́ kó sinmi.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú, mo jáwọ́. O mọ̀ pé mi ò mọ ìdúró ṣe. Ìyá rẹ bu omi fún ọmọ náà, ó ń bi í léèrè ìyá ẹ̀ ní Òkènè. Èmi ń wo aṣọ funfun nílẹ̀. Nígbà tó yá, mo na ìka sí i bí ẹni tó fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Fáànù yí. Ó ń yí lọ. Iná mọ́ lójú ẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ sì yọ síbẹ̀.

Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbá ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́nà Ìdóàní, tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, o ò tíì dé. Mo pe orúkọ ẹ̀. Ohùn tí mo fi ń pe àwọn oníṣẹ́ níbi tí a ti ń la igi, tí ariwo ẹ̀rọ kì í bò, òun ni mo fi pè é. Mo pè é, mo pè é, mi ò sinmi láàárín, títí nọ́ọ̀sì fi dì mí lọ́wọ́ mú. Kò jẹ́ mi. Látọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí ti jẹ́ ni mo ti ń bi ara mi bóyá mo yára jù. Má dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo kàn ń sọ fún ọ ni.

Zulaihat ti gba pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ, ó bá ọjọ́. Mo ní kó sọ lẹ́nu géètì pé kí ẹnikẹ́ni tó níṣẹ́ nínú ẹ̀rọ Bólú máa bọ̀ ní Ìsúàdà. Wọ́n ń gun ọ́kadà wá, Anwar ń yọ tiwọn fún wọn. Àwọn tó bú u náà wá. Mo bu omi fún wọn, mo sì wo ojú wọn dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ó ku ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ti tán nínú ẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí n dì í, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ nínú ọkọ̀ pákó. Mi ò bẹ èèyàn rí láyé mi, ilẹ̀ tí mo ti ń la igi gan-an, onílẹ̀ ló bẹ̀ mí kí n tó rà á. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. Má tíì gbé e. Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wa títí ìwọ fúnra ẹ á fi dé, kí o sì yọ̀ǹda kí a máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Mi ò jogún ẹ̀. Mo kàn fẹ́ máa pè é ni.

Ọlọ́run tó ṣẹ́ ọ kù fún wa á dá ọ sí pẹ́. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn ò ní rọ. A ò ní pe orúkọ rẹ kí o má dáhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń bá ọ ṣọ́ ẹrù,
Isaiah.

Àfikún: Dírẹ́bà ò tètè gbéra. Mo ti lọ bá Olúgbádé nílé ẹ̀ báyìí, ó ti ń wá padà. Òun ló fi tépù dúdú lẹ súìṣì pupa yẹn pa. Tí o bá dé, má ṣí i. Mi ò sì ní parọ́ fún ọ, a ti bẹ̀rẹ̀ ná kí èsì rẹ tó dé. Èmi ni mò ń tẹ ti àkọ́kọ́. Ìyá rẹ ló ń tẹ ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní ọwọ́ tèmi ti wúwo jù.