Adìẹ Méjì Tí Àbídà Gbé Wá

Bùrọ̀dá Zúbàírù,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí Ìyá wa, mo kí ìyàwó yín àti gbogbo ọmọ ilé ní Ìlọrin. Ara wa le níbí ní Asawase, orúnkún mi nìkan ló ń dùn mí.

Adìẹ tí mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ látìgbà tí Àúdù ọkọ mi ti kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń ṣu, ọrùn wọn ń lọ́, wọn ò lè mí dáadáa. Dókítà ẹran la òkú adìẹ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Ó ní àrùn náà kò lóògùn, kí n sin àwọn òkú, kí n ya àwọn tó ṣì le sọ́tọ̀ kí wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó wá bi mí bóyá adìẹ àjèjì wọlé.

Méjì ni Àbídà àbúrò wa gbé wá láti Santasi, ó ní òun ń rìnrìn àjò, kí n bá òun tọ́jú wọn. Mo pè é.

"Àbídà, ṣé àwọn tìẹ ń ṣàìsàn ni?"

"Gbogbo ìyókù ti kú, Àǹtí. Mo rò pé tí méjì yìí bá kúrò lọ́dọ̀ mi, wọ́n á yè."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ṣé ẹ máa gbà wọ́n?"

Mẹ́rin péré ló kù nínú ọgbọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, Àbídà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ bi í, kí ni mo ṣe fún un tí àánú adìẹ méjì fi ṣe é ju tèmi lọ?

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá gbọ́.

Ràzíátù