Kí Òṣùpá Tó Bo Oòrùn

Màámi, ẹ kú ilé o. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́ lónìí dípò lẹ́tà. Ọmọ yín ti ya ọ̀lẹ. Koko lara mi le.

Mo gbọ́ pé òṣùpá máa bo oòrùn lọ́dọ̀ yín náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún àbúrò mi tó gba kámẹ́rà mi àtijọ́ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kó kọ́kọ́ fi dígí dúdú tí wọ́n ṣe fún oòrùn bo iwájú kámẹ́rà kó tó gbé e sókè. Bí eruku bá bà lé dígí yẹn, kó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ kó tó nù ún. Ayàwòrán kan níbi iṣẹ́ wa yọ dígí náà láti nù ún nígbà tó ṣì ń wo oòrùn gba inú kámẹ́rà. Kò ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ. Ó ṣì ń ṣàwàdà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri ló ń fọwọ́ tọ̀ dé balùwẹ̀.

Fọ́tò ọmọ tuntun ẹ̀gbọ́n mi dé. Àwọn tó wò ó níbí ní ó mà rẹwà o! Ẹ bá mi gbé e jó, kẹ́ ẹ sì bá mi kí Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ń fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ta lọmọ náà jọ?