Òrùka Rọ́bà Tí Mo Dákẹ́ Lé Lórí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ẹ̀yà ara bàálù. Lónìí, ọ̀gá mú ọmọbìnrin kan wá, ó ní òun ni yóò máa darí mi. Ọmọ tí mo lè bí! Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo jẹ́ ẹ. Ọ̀gá Kékeré ni mo sọ ọ́ — nínú ìwé yìí nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó ti ka gbogbo ẹrù sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ní sítọ́ọ̀ ò létò tó báyìí rí. Ó ta mí lára. Ìyá mi a máa ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Mo wo dígí. Tèmi ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo rí àṣìṣe Ọ̀gá Kékeré! Òrùka rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú bíréèkì bàálù — ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti kọjá, ó sì kó o mọ́ àwọn tó dára. Rọ́bà tó bá gbó á là, epo á jò, bíréèkì ò ní mú. Mo ka ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá a padà síbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá máa ń ṣàyẹ̀wò. Kó bá a níbẹ̀. Kójú ó ti ẹni tí yóò tì.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo dákẹ́.

Ọjọ́rú, 12
Mo ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé, òrùka ò sí níbẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì àgbà ti mú un lọ. Mo sáré — tèmi torúnkún tó ń dùn mí — mo bá a lábẹ́ bàálù, ó ti fi í sínú bíréèkì, ó fẹ́ dé e pa. Mo ní kó yọ ọ́.

Ọ̀gá bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù ni. Ọ̀gá Kékeré ní òun lòun kó o síbẹ̀, ẹ̀bi òun ni. Ọ̀gá bá a wí lójú gbogbo wa. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Kò dùn.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó rọra ní, "Mà, mo rí yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀ ń ka ọjọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé ẹ ti rí i pé ó dáa ni."

Kò sì tú àṣírí mi. Mo tún jowú ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí n wà nílé títí wọn yóò fi pè mí.

Ọ̀gá Kékeré bá mi gbé báàgì dé gẹ́ètì. Mi ò lè wò ó lójú. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ yẹ ọjọ́ ìlò àwọn rọ́bà inú dúróà kẹsàn-án wò. Ó ti ju ọdún kan lọ tí èmi fúnra mi ti ṣí i gbẹ̀yìn."