Ìbò Rẹ Wà Nísàlẹ̀ Ojú Irin

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo fi ọwọ́ kọ lẹ́tà yìí nítorí pé akọ̀wé rẹ ló ń gbé fóònù rẹ kiri báyìí, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ fún un, etí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, ló ń bọ́ sí.

Jẹ́ kí n ka ohun tó ti bàjẹ́. Àjọ elétò ìdìbò ti tún ẹkùn ìdìbò wa pín láti ọdún tó kọjá. Ojú irin rélùwéè ni ààlà báyìí. Gbogbo òkè ojú irin, títí kan òpópónà àwọn aránṣọ tí bàbá wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpolongo, ti bọ́ sínú ẹkùn mìíràn. Bàbá Kékeré mọ̀. Alága ẹgbẹ́ mọ̀. Awakọ̀ rẹ sọ pé ìwọ náà rí máàpù ààlà tuntun náà lára ògiri sẹkitéríàtì ẹgbẹ́, o ní, "A ó máa wò ó." Èmi tí ẹ fi ṣe olùdarí ìpolongo nìkan ni n kò mọ̀. Mo sì ń kó èrò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ bẹ àwọn tí kò lè dìbò fún ọ!

Aránṣọ àgbà tó máa ń rán agbádá bàbá wa ló là mí lójú. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, a fẹ́ràn yín o, ṣùgbọ́n ìbò wa ò lè dé ọ̀dọ̀ yín mọ́." Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Ó ní, "Ṣé a máa lé àlejò tó wá kí wa ni?" Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa òwò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi yé wa ni pé kí a mọ oníbàárà wa. Àwa ń polówó fún ẹni tó ti kó kúrò lágbègbè.

Rántí bí ọ̀rọ̀ ìbò yìí ṣe rìn. Òkè ló gbé bàbá wa wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin nígbà àkọ́kọ́, òkè náà ló gbé e padà. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàtà nísàlẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, a kì í yà sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n béèrè omi ẹ̀rọ, bàbá wa gun pèpéle, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wá jẹun níbí, ẹ jẹun tán kí ẹ máa lọ sílé yín." Òkè rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n gba káàdì ìdìbò, wọ́n sì yọ bàbá wa nígbà kẹta. Tíṣà tó wà lórí àga bàbá wa nílé ìgbìmọ̀ lónìí, àwọn ló gbé e síbẹ̀. Ní báyìí tí òkè ti lọ, àwọn gan-an ni ẹkùn ìdìbò rẹ.

Mo lọ bá wọn níléeṣẹ́ bàtà lánàá. Obìnrin tó ń bójú tó àwọn tó ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Àtẹ́lẹ̀, ni aṣáájú wọn. Ooru àti òórùn gọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Kò tilẹ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó pariwo, "Ẹ wá wò ó o, ọmọ Jẹun-kó-o-lọ ti dé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní, "Tíṣà ti ń sùn lórí àga, a ò kọ̀ ká pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá yín sọ sílẹ̀, ẹni tó ń wá ìbò ni kó wá kó o. Ọjọ́ Sátidé, nígbà ìsinmi ọ̀sán. Kó má ránṣẹ́ o."

Bàbá Kékeré gbọ́, ó fò sókè: "Ọmọ kì í tú àṣírí bàbá rẹ̀!" Mo ní, "Àṣírí wo, Bàbá? Ṣebí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi sọ ọ́." Inú bí i. Ó ní bí o bá fi lè lọ, kí o má pe òun ní bàbá mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa dé ọ̀dọ̀ rẹ kí lẹ́tà mi tó dé.

Àbúrò mi, bàbá wa ló rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà tí gbogbo ẹbí ní kí n wá ọkọ fẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Ó sì ṣẹ àwọn èèyàn yẹn. N kò rí ìdí tí a ó fi purọ́ nípa ọ̀kan nítorí èkejì.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Fi èsì rán awakọ̀ sí mi kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú: o ń lọ, tàbí o kò lọ. Bí o bá ń lọ, àwa méjèèjì ni, láìsí onílù, láìsí akọ̀wé. Ohun tí wàá sọ kò gùn: "Bàbá mi ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú." Má fi "bóyá" kan kan kún un. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí n kò gbọ́ nǹkan kan, n ó kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì fún Bàbá Kékeré, n ó sì lọ sọ fún Ọ̀gá Àtẹ́lẹ̀ fúnra mi pé kí wọ́n má dúró dè ọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ahọ́n rẹ wúwo lọ́jọ́ tó yẹ kó fúyẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ lọ síbi tí wọn kò ti fẹ́ ọ. Ìbínú àgbà kò ní tú ilé wa ká.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, olùdarí ìpolongo rẹ títí di ọjọ́ Ẹtì.

Mo tún rántí o: bí o bá ń bọ̀, má wọ bàtà òkè òkun tó ń dán yẹn. Iṣẹ́ bàtà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó gbọ́ ẹnu rẹ.